Fàtáì Rolling Dollar Gẹ́gẹ́ Bí Olùkọ́ Orin

Bí a bá ń yẹ orin jùjú wò bí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ alohùn, orúkọ Ebenezer Obey kì í jìnnà sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni òun ti kọ́ṣẹ́? Ní 1957 ni Fàtáì Rolling Dollar, onígìtá ọmọ Ẹdẹ, dá ẹgbẹ́ African Rhythm Brothers sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Obey wà kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Orlando Owoh náà jẹ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, òde àríyá ni kíláàsì. Ìró orin a máa tẹ̀ lé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ọ̀rọ̀. Etí ni ọmọṣẹ́ fi ń gbà á.

Ibí ni àléébù àwa olùdánwò wà. A ń da orin kọ sórí ìwé, a sì ń béèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ orin náà rí lè gba gbogbo máàkì. Èmi pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbàgbé Fàtáì kí òkìkí rẹ̀ tó tún kàn ní ọjọ́ ogbó. Ó kú ní 2013, ní ẹni ọdún 85. Ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́ orin kí a tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.