Iṣẹ́ Àlàyé Ẹ̀yáwó ní Dublin
Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá bá kọ ìbéèrè ẹ̀yáwó ẹnì kan, iṣẹ́ ńlá ni láti sọ ìdí rẹ̀ lọ́nà tí yóò yé onítọ̀hún. Ní 2020, Mark Keane àti Barry Smyth ní University College Dublin gbé ọ̀nà kan jáde tó bá irú ọ̀rọ̀ yìí mu: kí kọ̀ǹpútà wá ènìyàn méjì nínú àkọsílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátápátá, àmọ́ tí ọ̀kan rí owó gbà, tí èkejì kò rí i gbà. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, nítorí àlàyé tó bá gùn jù kì í yéni. Irú èèyàn méjì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n; àwọn tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń ṣe àwòkọ́ṣe fún àlàyé ti ẹlòmíràn. Bí àpẹẹrẹ: “Ká ní owó tí ẹ béèrè kéré sí èyí ni, à bá ti fún yín.” Wọ́n á wá dán ìyípadà náà wò lára ẹ̀rọ tó ń ṣe ìpinnu bóyá ìdáhùn yóò yí padà lóòótọ́. Ìṣọ́ra yìí ló yẹ ká yìn jù, torí ẹni tí wọ́n dá padà yóò mọ ohun tó lè tún ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní 2024 ka fífi ẹ̀rọ díwọ̀n ẹni tó yẹ fún ẹ̀yáwó mọ́ ohun tó léwu gidigidi.