Ẹni Bímọ Ọ̀ràn: Àyẹ̀wò Òfin Ojúṣe Olùpèsè Aṣọ ní Ilẹ̀ Faransé

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Lórí èrò yìí gan-an ni òfin ojúṣe olùpèsè dúró: ẹni tó kó aṣọ wọ ọjà ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹni tó rà á bá bọ́ ọ sọnù. Ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́kọ́ gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún aṣọ, ní ọdún 2007. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ibi tí ojúṣe náà parí sí.

Ohun tí Òfin náà Ṣe

Òfin náà kò fi ọ̀rọ̀ náà 'olùpèsè' mọ sọ́dọ̀ aránṣọ nìkan. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bangladesh ni wọ́n ti rán ẹ̀wù kan, ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wọ ọjà Faransé ni olùpèsè lójú òfin. Aṣọ wíwọ̀, aṣọ ilé àti bàtà ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn olùpèsè ń sanwó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2009, tó ń jẹ́ Refashion láti ọdún 2020. Owó yìí ni a fi ń ran àwọn tó ń ṣa aṣọ àlòkù lọ́wọ́. Òfin mìíràn ní ọdún 2020 tún sọ ọ́ di èèwọ̀ láti dáná sun aṣọ tí kò tà. Ó yẹ kí a yin èyí.

Ibi tí Ó Kù Sí

Àlèébù tí a rí ni pé ọwọ́ òfin yìí gùn níbi tí aṣọ gbé ń wọlé, ó sì kúrú níbi tí ó gbé ń jáde. Púpọ̀ nínú aṣọ tó ṣì ṣeé wọ̀ ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, Áfíríkà sì wà lára wọn. Ní ọjà Missèbo ní Kútọnu àti Kantamanto ní Accra, ìdì ni oníṣòwò ń rà. Kì í tú u wò kí ó tó sanwó. Bí ó bá bá àkísà nínú rẹ̀, òun ni ó gbé àdánù, ààtàn ìlú ni ó sì gba àkísà. Nàìjíríà fi òfin de aṣọ àlòkù, síbẹ̀ òkìríkà ń gba ẹnubodè wọlé. Owó tí a san lórí ẹ̀wù kan ní Paris kì í bá a dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnìkan lè wí pé ọjà ni aṣọ yìí, kì í ṣe pàǹtírí. A gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹun nídìí òwò náà, àti pé aṣọ gidi ń bẹ nínú ìdì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ohun tí kò rí kò lè di olùpèsè rẹ̀. Ẹni tó sì gbé ọmọ ọ̀ràn kọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn kò tíì pọ̀n ọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 2025, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbé irú ètò yìí kalẹ̀ láàárín oṣù 30. Bí wọ́n bá da òfin Faransé kọ bí ó ti rí, àlèébù rẹ̀ yóò di ti gbogbo wọn. Èrò tiwa ni pé kí apá kan nínú owó orí ẹyọ máa bá aṣọ lọ sí ìlú tó bá gbó sí, kí a sì ka ẹni tó di àkísà mọ́ ìdì sí ẹni tó da ìdọ̀tí sí àgbàlá alágbàlá.