Ọ̀fẹ́ Kọ́ ni Òmìnira

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlú Libreville, níbi tí àdúgbò Lalala wà, gba orúkọ rẹ̀ láti ara òmìnira: àwọn ẹrú tí àwọn Faransé gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ni wọ́n dá abúlé sílẹ̀ fún níbẹ̀ ní 1849. Èdè Faransé ya libre sọ́tọ̀ kúrò lára gratuit. Gẹ̀ẹ́sì ló da méjèèjì pọ̀ sínú free. Àwa Yorùbá ní òmìnira, a sì ní ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ́ ọmọ nípa Linux, "ètò ọ̀fẹ́" ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Àṣìṣe ni.

Ètò ìṣàkóso ni ó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù. Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ní 1969, ni àwòkọ́ṣe. Ní 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé Linux jáde, èyí tí í ṣe kókó inú ètò náà. Ìwé àṣẹ GPL fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe, láti pín in, àti láti pín èyí tí ó tún ṣe. Kò ní kí a má tà á.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ta lọ́rẹ yóò dúpẹ́ ni. Ẹni tí ó ní òmìnira lè tún nǹkan ṣe. Ẹ wo ẹ́ àti ọ̀: Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún wọn, lẹ́tà olámì-ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Lórí Linux, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lára ti Nàìjíríà, nítorí pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ kí ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá kà á sí ọ̀fẹ́ lásán yóò máa dúró de olóore; kò ní í mọ̀ pé òun náà lè ṣàtúnṣe.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a máa pè é ní ètò olómìnira, kí a sì fi "ètò ọ̀fẹ́" sílẹ̀ fún èyí tí a kò sanwó fún ṣùgbọ́n tí a ti inú rẹ̀ pa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olùkọ́ èdè náà ní ọwọ́ tirẹ̀ láti nà.