Afẹ́fẹ́ Tí A Ti Fi Sẹ́yìn

Bí a bá ń ka àwọn àgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ láìfi ìwọ̀sí kún un, ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní fífò glider, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní í gbẹ́yìn nínú wọn. Òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ olójú àwòdì, arìn-lófuurufú-bí-ẹni-ń-rìn-lóko-bàbá-rẹ̀, ẹni tí ó ti ń fò lábẹ́ òkè Dunstable, ní pápá ẹgbẹ́ glider Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930, kí n tó gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rárá. N kò ní í sọ bí okùn ṣe ń fà wá gòkè, tàbí bí a ṣe ń wá atẹ́gùn gbígbóná tí ń gbéni sókè, nítorí ẹni tí ó bá ti jókòó nínú rẹ̀ rí mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń sọ bí a ó ṣe ga tó nígbà tí a bá dé orí pápá tí a fẹ́ balẹ̀ sí.

XCSoar, áàpù ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, a máa ṣírò nọ́ńbà yìí láti inú gíga wa, ọ̀nà tí ó kù, bí ọkọ̀ náà ṣe mọ̀ ọ́n fò tó, àti ìlànà eré sísá tí Paul MacCready fi lélẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó borí gbogbo ayé nínú ìdíje glider ní ilẹ̀ Faransé ní 1956. Afẹ́fẹ́ ni ó ń da gbogbo ìṣirò náà rú. Nígbà tí a bá ń pòòyì, afẹ́fẹ́ a máa sún wa lọ díẹ̀díẹ̀, áàpù a sì ti inú sísún náà mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti bí ó ṣe le tó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti nà tààrà bọ̀ wálé, tí a kò sì so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, afẹ́fẹ́ tí ó mọ̀ kẹ́yìn ni yóò máa fi ṣírò. Arọ́kin ni tábúlẹ́ẹ̀tì: ohun tí ó ti kọjá ló mọ̀ ọ́n rò.

Bí mo ti ń kọ èyí, ọkàn mi ti sá lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ìlú tí òkè yí ká, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá dáná sun igbó ní ìhà Arámọ̀kọ, tí àwòdì yóò péjọ sórí èéfín, tí wọn yóò máa pòòyì láìgbọn ìyẹ́, tí wọn yóò sì máa já lu tata tí iná lé jáde. Bàbá mi àgbà a ní, “Ẹ má wo iná, àwòdì ni kí ẹ wò,” nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé àwòdì lọ ni iná ń bọ̀. Ọ̀gá mi náà a máa fi ìdùnnú sọ̀rọ̀ iná tí àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sun pòròpórò ọkà lẹ́yìn ìkórè, kí òfin tó ká a kò ní 1993. Èéfín yẹn ni ó ń júwe atẹ́gùn fún àwọn tí ń fo glider.

Tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí èéfín, nítorí náà ni ọ̀gá mi ṣe máa ń ní kí a tó fi atẹ́gùn ìkẹyìn sílẹ̀, bí gíga wa tilẹ̀ ti tó, kí a pòòyì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, kí ohun tí áàpù mọ̀ má baà ti di àná. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ bo nọ́ńbà náà, wọn a ní, “Sọ tìrẹ ná.” Èmi a tẹjú mọ́ pápá: bí ó bá ń gòkè lójú gíláàsì, a kò ní í dé ibẹ̀, bí ó bá ń lọ sílẹ̀, a ó dé pẹ̀lú àṣẹ́kù. Ìgbà tí mo bá ti fọhùn tán ni wọn a tó ṣíwọ́, ìrìn nọ́ńbà náà ni wọ́n sì ń wò ju iye rẹ̀ lọ. Bí ó bá já wálẹ̀ tí ó sì dúró, afẹ́fẹ́ tí ń rìlẹ̀ ni a gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dín ní gbogbo ìgbà tí a wò ó, bí ó ti wù kí ó kéré tó, afẹ́fẹ́ iwájú le ju èyí tí a ti fi sẹ́yìn lọ, kí a sì tètè wá atẹ́gùn mìíràn nígbà tí ọ̀nà ṣì wà.

Ohun tí ń bí mi nínú ni àwọn tí ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì gbàgàdà, tí wọn a gbé e kọ́ iwájú ara wọn, tí wọn kì í gbójú sókè mọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ń wo ọ̀nà ni wọ́n pa òwe náà fún. Ẹ̀rọ náà gan-an, bí oòrùn bá pa á lábẹ́ gíláàsì, a gbóná, a sì kú lọ́sàn-án gangan. Máàpù ọ̀gá mi, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí Dunstable ká, kò kú rí.

Lálẹ́ ìgbà òtútù, mo máa ń fi áàpù náà dánra wò nílé: màá gbé ara mi sí ojú ọ̀run Ìjerò, ní gíga 1,000 mítà ju ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n lọ, màá sì kọrí sílé, ìrìn tí kò tó 30 kìlómítà fún ẹyẹ. Glider tí ń rin mítà 40 kí ó tó sọ̀kalẹ̀ mítà kan yóò dé wẹ́rẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí ó bá ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí, tí glider sì ń sá 90, mítà 40 yẹn kò ní í tó 27 mọ́, òkè Ẹ̀fọ̀n yóò sì ti wà níwájú ẹni. Bí a kò bá tẹ afẹ́fẹ́ sí i, ohun kan náà ni áàpù yóò sọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti ní oṣù Òkudù, ohun tí àgbẹ̀ Arámọ̀kọ kankan kò jẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi fò, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá fún mi, kí ó tó tan ẹ̀rọ.