Ẹ̀rọ Kékeré Tí Òòfà Ń Bá Yí

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn dọ́kàn: ṣíṣe ẹ̀rọ kékeré tí iná àti òòfà jọ ń yí. Ohun èlò rẹ̀ kò ju bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n kùn lọ́dà, píìnì oníhò méjì, rọ́bà, àti òòfà tí a yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́.

A ó wé wáyà mọ́ bátìrì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó lè di òrùka, a ó yọ ọ́, etí rẹ̀ méjèèjì á sì nà síta. A ó fi rọ́bà de píìnì mọ́ orí àti ìdí bátìrì. Ihò píìnì méjèèjì ni yóò gbé etí òrùka dúró, òòfà á wà lábẹ́ rẹ̀.

Ara ọ̀dà wáyà ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ní etí kan, a ó fi abẹ ha gbogbo rẹ̀. Ní èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan péré. Bí òrùka bá yí dé ìdajì, ẹ̀gbẹ́ tó ṣì lọ́dà á kan píìnì, iná á já, kí òòfà má baà fà á padà. Eré tó ti ń sá ni yóò gbé e kọjá, iná á sì tún wọlé. Fi ìka tọ́ ọ díẹ̀, ó di bírí bírí!

Michael Faraday ló kọ́kọ́ fi iná àti òòfà mú wáyà yí po, ní London, lọ́dún 1821. Àjọṣe iná àti òòfà yẹn náà ló ń yí fáànù ilé wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ rédíò tó bàjẹ́ nù. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ ṣe é.