Arìnrìn-àjò àti Ìrètí Rẹ̀: Àyẹ̀wò Ìwé Gabriel Marcel

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò ní èdè wa fún ohun méjì tí kò jọ ara wọn. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ti ṣe ìdánwò tán ń retí èsì rẹ̀. Aláìsàn tí ó ti wà lórí àkéte láti ọdún mẹ́ta, tí àwọn oníṣègùn ti sa gbogbo ipá wọn lé lórí tí kò sì yí padà, òun náà lè máa retí. Ti ọmọ ilé-ìwé kò ju ọjọ́ kíkà lọ: bí ó yege, bí kò yege, èsì yóò jáde, ìdúró rẹ̀ yóò sì dópin. Ti aláìsàn kò ní ọjọ́ tí a lè kà. Kí ni ó wá ń retí? Bí a bá sì wí pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, ǹjẹ́ a ti dáhùn ìbéèrè náà?

Ọ̀ràn yìí ni Gabriel Marcel, ọ̀mọ̀ràn ará ilẹ̀ Faransé, gbé yẹ̀wò nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Homo Viator. Èdè Látìn ni àkọlé náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ènìyàn tí ó wà lójú ọ̀nà, arìnrìn-àjò. Ìwé náà jáde láàrin ọdún 1944 sí 1945, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1951. Kò rọrùn láti kà. Marcel a máa yà sọ́tùn-ún, a máa yà sósì, a sì máa fi ọ̀rọ̀ tí ó dáwọ́ lé sílẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìlànà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀ yóò jù ú sílẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n orí kan wà níbẹ̀ tí ó dá lórí ìrètí, èyí tí mo gbà pé ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ti ń ronú kà, kí ó sì bá a jiyàn.

Ó dára kí a mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. A bí Marcel ní Paris ní ọdún 1889. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀, tí a tọ́ nínú Ìjọ Àgùdà, ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀, nítorí náà ọmọ náà dàgbà láìní ìgbàgbọ́ kan tí ó lè pè ní tirẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ara rẹ̀ kò le tó ti ẹni tí í lọ sójú ogun, ó sì bá Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí a fún un ni láti máa wádìí àwọn ọmọ-ogun tí a kò gbúròó wọn mọ́, kí ó sì máa dá àwọn ẹbí wọn lóhùn. Káàdì ni a ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan sí. Ìyá a wọlé, ìyàwó a wọlé, wọn a bèèrè, òun a sì lọ wo káàdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá sọ di òkúta. Ti Marcel kò rí bẹ́ẹ̀: ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé káàdì wọ̀nyí kò jẹ́ ìwé lásán lójú òun, bí kò ṣe ẹ̀bẹ̀ ènìyàn tí ń ké sí òun. Mo gbà pé níbẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní yunifásítì.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 1929, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ogójì ọdún, ó gba ìsàmì nínú Ìjọ Àgùdà. François Mauriac, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ni ó kọ̀wé sí i láti bi í léèrè ìdí tí kò fi tíì sí láàrin wọn. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kò lè ṣe.

Ní ọdún 1933, Marcel kọ àròkọ kan nínú èyí tí ó ṣe àpèjúwe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣí ilẹ̀kùn tàbí kí ó máa lu tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Lójú ayé òde òní, ni ó wí, ọkùnrin yìí kò ju iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ. A ní wákàtí fún iṣẹ́ rẹ̀, a ní wákàtí fún oorun rẹ̀, ìgbádùn rẹ̀ pàápàá ní wákàtí tirẹ̀, kí ẹ̀rọ náà má baà bàjẹ́. Bí ó bá ṣàìsàn, ilé ìwòsàn di ibi tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ó bá kú, ó di ohun èlò tí kò wúlò mọ́, tí a jù sí ààtàn. Marcel kò bínú sí ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́ ni pé ọkùnrin náà lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Paris ìgbà náà nìkan ni ó ń bá wí. Níbi tí a bá ti ń fi nọ́ńbà pe ọmọ dípò orúkọ rẹ̀, tí máàkì rẹ̀ sì di gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ Marcel ti dé ibẹ̀.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, àìnírètí kì í pariwo. Ó kàn máa ń wà níbẹ̀ bí erùpẹ̀ lórí àga tí a kò nù.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa ìrètí ti ọdún 1942 wá, nígbà tí àwọn ará Jámánì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ọmọ-ogun Faransé tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wà ní ìgbèkùn lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìgbèkùn fi kún inú orí náà. Marcel sọ pé kò sí ìrètí níbi tí kò ti sí ìdánwò láti sọ ìrètí nù. Ẹni tí ara dẹ̀ lè wí pé nǹkan yóò dára; ìyẹn kì í ṣe ìrètí, inú dídùn rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Inú òkùnkùn ni a ti ń mọ ẹni tí ń retí.

Ó wá mú aláìsàn kan wá síwájú wa. Aláìsàn yìí ti wí nínú ara rẹ̀ pé bí òun kò bá sàn nígbà báyìí, gbogbo nǹkan ti parí. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe: ó ti pa ààlà fún ìrètí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọjọ́ náà bá kọjá, kò ní ohun tí yóò dì mú mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó wá mọ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀, pé bí òun kò tilẹ̀ sàn, gbogbo nǹkan kò parí. Kò dẹ́kun láti fẹ́ ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó jọ̀wọ́ ni pé kò tún fi ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ọn mọ́. Níhìn-ín ni Marcel ti ya ìfẹ́-ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìrètí, mo sì gbà pé ìyàtọ̀ náà yè kooro. Ìfẹ́-ọkàn ní ohun kan pàtó tí ó ń lé. Ìrètí ní Ẹnìkan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Lójú Marcel, Ẹni náà ni Ọlọ́run, kì í sì í ṣe nítorí ara mi nìkan ni mo fi ń retí nínú rẹ̀, bí kò ṣe nítorí àwa. Òǹdè tí ó ń retí òmìnira fún ara rẹ̀ nìkan kò tíì retí dáadáa.

Àwọn bàbá wa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Òwe yìí àti àkọlé Marcel súnmọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó wá sí ọjà lè ná tirẹ̀ kí ó sì dá lọ. Arìnrìn-àjò Marcel kò lè dá rìn.

Níbo ni ó ti kù díẹ̀ káàtó? Ó kọ́ni pé ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wa ni ìrètí tòótọ́ wà fún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó léwu lọ́wọ́ ọ̀lẹ. Thomas Aquinas, tí ó kú ní ọdún 1274, ti kọ́ni pé ohun tí a ń retí jẹ́ rere tí kò tíì dé, tí ó ṣòro, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ lè tẹ̀. Ó sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ méjì tí ó lòdì sí ìrètí: ọ̀kan ni àìnírètí, èkejì ni ìkùgbù, èyí tí í mú ènìyàn gbà pé Ọlọ́run yóò fún òun ní ohun tí òun kò wá ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn ìsàmì rẹ̀, Marcel gbìyànjú láti kọ́ ọ̀nà Thomas lọ́dọ̀ Jacques Maritain, kò bá a lára mu, ó sì fi í sílẹ̀. Àbáyọrí rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ mú sí ẹ̀ṣẹ̀ kìn-ín-ní ju èkejì lọ. Èkejì náà sì pọ̀ láàrin wa. Ọmọ tí kò ṣí ìwé ní gbogbo sáà, tí ó wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, yóò sọ pé ìrètí òun wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lóòótọ́ Marcel wí pé ìrètí kì í ṣe kíkáwọ́gbera, ó wí pé òun ni ó ń ti iṣẹ́ ènìyàn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó yára sọ ọ́, ó sì kọjá lọ. Èmi ì bá fẹ́ kí ó dúró díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ibi tí ó ṣòro jù lọ nínú orí náà ni ti ìyá kan. Ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn ẹlẹ́rìí wà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, tí wọ́n sì sin ín. Síbẹ̀ ìyá náà wí pé òun ń retí láti tún rí ọmọ òun. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yóò wí pé kò ní ẹ̀rí kankan. Marcel dáhùn pé ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ìyá náà ń sọ. Kò ṣe ìṣirò bóyá ọmọ náà yóò dé tàbí kò ní dé, ìfẹ́ rẹ̀ ni ó kọ̀ láti gbà pé ọmọ náà ti di asán.

Mo ti rí àwọn tí wọ́n ka ibí yìí tí wọ́n sì wí pé Marcel fi àṣẹ fún ènìyàn láti parọ́ fún ara rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìyá náà bá ń se oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀, ìyẹn jẹ́ ìtànjẹ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra sọ òtítọ́ fún un. Ọkùnrin tí ó ti fi ọdún púpọ̀ wo káàdì fún àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà ju èmi àti ìwọ lọ. Nígbà ogun kìn-ín-ní kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ọmọ tí ó kú ń bọ̀ wálé. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ inú káàdì ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lè sọ nípa ọmọ náà. Kò ní ẹ̀rí tí yóò fi lélẹ̀ fún èyí, kò sì díbọ́n bí ẹni pé ó ní in. Ó gbé e lé Ọlọ́run tí ó fi ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè bá a dé ibẹ̀ yóò ṣì ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò sọ fún obìnrin náà.