Nígbà Tí Dùùrù Bá Gba Orin Lẹ́nu Akọrin

Ọwọ́ òsì atẹdùùrù ló kọ́kọ́ wọlé. Ó di ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, kò yára, kò yẹsẹ̀, bí gúdúgúdú tí kì í kúrò lójú kan bó ti wù kí ìyáàlù sọ̀rọ̀ tó. Ọwọ́ ọ̀tún wá gbé orin lé e lórí, orin arò, tí àwọn ohùn inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Akọrin kò tíì lanu. Kó tó mí sínú láti bẹ̀rẹ̀, ìbànújẹ́ tó fẹ́ kọ lórin ti kún inú yàrá.

Orin tí Sergei Rachmaninoff fi ewì Pushkin kọ nìyí, ewì ọdún 1828 tí ọkùnrin kan ti ń bẹ arẹwà obìnrin pé kó yéé kọ orin ilẹ̀ Jọ́jíà létí òun, nítorí pé orin náà ń jí ohun tó ti sùn nínú òun. Glinka àti Balakirev náà fi ewì yìí kọrin. Nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni Rachmaninoff nígbà tó kọ tirẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1893. Natalia Satina, ìbátan rẹ̀, ló fi orin náà júbà fún. Ní 1902, ó fi obìnrin náà ṣaya.

Àwo tí Elisabeth Söderström àti Vladimir Ashkenazy ṣe ní àwọn ọdún 1970 sí 1979 ni mo fi ń gbọ́ ọ. Gbogbo orin tí Rachmaninoff kọ fún akọrin kan àti dùùrù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rin. Ọmọ Sweden ni Söderström, ṣùgbọ́n ará Rọ́ṣíà ni ìyá rẹ̀, èdè Rọ́ṣíà tí wọ́n fi kọ orin náà kì í ṣe àlejò lẹ́nu rẹ̀. Ashkenazy, ọmọ ìlú Gorky, wà lára àwọn méjì tó jọ gba ipò kìíní nínú ìdíje Tchaikovsky ní Moscow ní 1962. Àwọn akọrin tí ohùn wọn tóbi ju ti Söderström lọ pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó ń sọ orin náà fún ẹnì kan. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tó yẹ kó jẹ́ kó kọjá lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìparí orin náà, níbi tí ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ ti padà wá. Ẹlòmíràn ì bá dá orin ìbẹ̀rẹ̀ padà sẹ́nu akọrin, kó fi ariwo parí rẹ̀. Rachmaninoff kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé orin náà lé dùùrù lọ́wọ́, ó sì rán akọrin lọ sókè pátápátá, kó wọ ibẹ̀ ní ohùn wẹ́rẹ́, kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ohun tí dùùrù ń kọ. Fún akọrin, kò sí ibi tó le jùyí lọ nínú orin náà, nítorí pé ó rọrùn láti fi agbára dé ohùn òkè, àmọ́ láti dé ibẹ̀ láìfipá, láìmì, kí ohùn má sì já, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Söderström dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó mọ́.

Ti atẹdùùrù náà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé elégbè ni àwọn, pé bí akọrin bá rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn náà sá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, orin náà ti bàjẹ́, torí pé ọwọ́ wọn ni orin gan-an wà. Ashkenazy kò sá. Ó jẹ́ kí orin náà sọ̀rọ̀ ketekete lábẹ́ ohùn obìnrin náà, láìbò ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé pẹ́dà sókè déédéé kí àwọn ohùn tó sún mọ́ra wọ̀nyẹn má bàa dàpọ̀. Tí mo bá ń gbọ́ ibẹ̀, atẹdùùrù ni mo máa ń tẹ́tí sí jù.

Románs ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú orin yìí. Tchaikovsky kọ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú wọn ni ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ níwọ̀nba sì lè tẹ̀ nínú pálọ̀ ilé rẹ̀. Rachmaninoff, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn atẹdùùrù tó ga jù lágbàáyé, kò dẹ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orin omi ìgbà ìrúwé tó kọ ní 1896 láti inú ewì Tyutchev. Dùùrù ni omi náà. Ó ń ya lu gbogbo ilẹ̀ tí yìnyín ṣì bò, akọrin sì ní láti pariwo ayọ̀ lórí rẹ̀ kó má bàa gbé e lọ. Anna Ornatskaya, tó kọ́ ọ ní dùùrù nígbà èwe, ló fi júbà fún, ẹ̀bùn tó bá olùkọ́ mu gan-an. Nínú orin alẹ́ tó fi ewì Bunin kọ ní 1906, akọrin kàn ń sọ gbólóhùn díẹ̀díẹ̀ ni. Ọwọ́ atẹdùùrù ni orin wà láti òkè délẹ̀.

Ní 1912 ló kọ́kọ́ kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, Vocalise, fún akọrin Antonina Nezhdanova. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni akọrin fi ń kọ ọ́, gbólóhùn orin náà sì gùn débi pé ibi tó máa mí jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ti pinnu nílé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, orin ìbẹ̀rẹ̀ padà dé, dùùrù ló sì gbé e. Akọrin ti wà lókè, ó ń gun ohùn lọ sí ìdágbére. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tó wà láàárín orin Jọ́jíà àti èyí, ọgbọ́n kan náà ló sì lò. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Mo rò pé ó gbà gbọ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu èèyàn, ó yẹ kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin mẹ́fà tó kọ fún Nina Koshetz ní 1916 ni románs tó fi kásẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ dùùrù nígbà tí Koshetz kọ́kọ́ kọ wọ́n ní gbangba ní Moscow lọ́dún náà. Ní ìparí 1917 ó kúrò ní Rọ́ṣíà, kò sì padà títí tó fi kú ní 1943. Ọ̀kan nínú mẹ́fà náà, tó dá lórí òdòdó funfun wẹ́wẹ́ inú pápá, ló tún kọ fún dùùrù nìkan, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe fún orin òdòdó lilac tó kọ ní 1902. Ìyẹn náà fi hàn bí orin ti kún inú ọwọ́ atẹdùùrù tó, torí pé a yọ akọrin kúrò, orin ò wó.

Síbẹ̀, bí a bá ní kí n mú ọ̀kan, orin lilac tí akọrin wà nínú rẹ̀ ni máa mú. Nínú ti dùùrù nìkan, ó fi ọ̀ṣọ́ kún un, ó dùn, ọwọ́ ń sáré lórí rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì péré tàbí díẹ̀ lé, ọwọ́ ọ̀tún Ashkenazy ń yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ń dẹwọ́ díẹ̀ níbi tí Söderström ti fẹ́ mí kó tó sọ pé ayọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún òun wà nínú òdòdó náà. Ìdẹwọ́ díẹ̀ yẹn ni mo ń dá àwo náà padà lọ gbọ́.